Díráìfù mẹ́ta ní Òkè-Fìà: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe tún ibi ìpamọ́ sítúdíò kan ṣe

Kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí wà ní sítúdíò fọ́tò kan ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Linux Mint ló wà lórí ẹ̀ dípò Windows. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sídìí ẹ̀ gé fídíò. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa tọ́jú fáìlì, kí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé fídíò lè máa mú un láti orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú ẹ̀ ni iṣẹ́ ọdún Ọ̀ṣun wà, oṣù kẹjọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fódà tiẹ̀: Ìwọ́pópó, iná Olójúmẹ́rìndínlógún, Ìboríadé, títí dé ọjọ́ tí Arugbá gbé igbá lọ sódò. Nígbà tí UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, fíìmù ni ẹ̀gbọ́n tó ni sítúdíò náà ṣì fi ń yàwòrán. Àwọn fíìmù yẹn ti di fáìlì lónìí, ibi kan náà sì ni wọ́n wà. Òpó ilé ni kọ̀ǹpútà yìí jẹ́ fún wọn, kì í ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi ṣeré.

Kì í ṣe pé díráìfù bàjẹ́ ni wọ́n ṣe pè mí. Fáìlì ló ń sọnù, tó tún ń padà wá fúnra ẹ̀.

“Àbúrò, àná ni mo rí fódà 2019 níbẹ̀. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, ó ṣófo. Ọmọ iṣẹ́ pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, gbogbo ẹ̀ ti padà.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan sí i mọ́ títí n ó fi dé.”

Ọjọ́ Ajé: ohun tí mo bá nílẹ̀

Díráìfù mẹ́rin ló wà lára ẹ̀rọ náà, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ìpamọ́. SSD kékeré kan (díráìfù tí kò ní irin tó ń yí), 120GB, ló gbé Linux fúnra ẹ̀. Èkejì jẹ́ 4TB, tí wọ́n ti fi ext4, ètò fáìlì ti Linux, tò, iṣẹ́ ọdún Ọ̀ṣun ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ 2TB, ara kọ̀ǹpútà Windows àtijọ́ kan ni wọ́n ti yọ ọ́, NTFS ni, ètò fáìlì ti Windows; ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọ ló kún inú ẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ti USB tí ẹ̀gbọ́n máa ń gbé lọ sílé fún ẹ̀dà ìpamọ́.

Ẹni tó tò ó tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn díráìfù so mọ́ fódà wọn bí ẹ̀rọ bá ti ń tàn. Ó ṣí fáìlì tó wà fún un, /etc/fstab, ó sì kọ ìlà méjì síbẹ̀:

/dev/sdb1  /srv/odun  ext4  defaults,nofail  0  2
/dev/sdc1  /srv/igbeyawo  ntfs3  defaults,nofail  0  0

Ó jọ ohun tó pé, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibi tí ewu wà ni orúkọ. Kánẹ́ẹ̀lì, ọkàn Linux, ń fún àwọn díráìfù ní sda, sdb, sdc gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dé iwájú ẹ̀ nígbà tó bá ń jí, kò sì sí àdéhùn kankan pé ètò yẹn ò ní yí padà. Díráìfù tó pẹ́ kó tó yí dáadáa lè dé lẹ́yìn ẹnìkejì ẹ̀. Ẹni tó bá kọ /dev/sdb1 dà bí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun fún “ẹni tó jókòó sí àga kejì nínú ọkọ̀” lówó: bí ọkọ̀ bá ti tún èrò kó, owó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá pàrọ̀ àyè, ìlà àkọ́kọ́ á lọ bá díráìfù NTFS, á ní kó ṣí bí ext4. Kò lè ṣí. Ìlà kejì á lọ bá ext4, á ní kó ṣí bí NTFS. Ìyẹn náà ò ní ṣí. Ọ̀rọ̀ nofail tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ fún systemd, ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ nígbà tí Linux bá ń jí, pé bí kò bá ṣeé ṣe, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ á tàn, sítúdíò á ṣí, kò ní sí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Fódà /srv/odun á wà níbẹ̀, á sì ṣófo. Tí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún un tàn, tí díráìfù bá dé ní ètò ti tẹ́lẹ̀, “gbogbo ẹ̀ ti padà” nìyẹn.

Mo fi àṣẹ journalctl -b -1 wo àkọsílẹ̀ ìgbà tí ẹ̀rọ náà tàn ṣáájú. Ó wà níbẹ̀ kedere: mount, àṣẹ tó ń so díráìfù mọ́ fódà, kọ̀ láti ṣí sdb1, ó ní irú ètò fáìlì ẹ̀ kọ́ nìyí.

Nígbà náà ni ohun kan já sí mi lọ́kàn tó jẹ́ kí n jókòó. Tí /srv/odun bá ṣófo, tí kò sì sí díráìfù lójú ẹ̀, fódà lásán ni lórí SSD. Samba, tó ń pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà tó kù, kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá da káàdì mẹ́mọ́rì sínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orí SSD ni fídíò ń lọ. Lọ́jọ́ kejì tí díráìfù bá so padà sójú fódà yẹn, ó bo ohun tó wà lábẹ́ mọ́lẹ̀. Fáìlì ò parẹ́ o; kò sẹ́ni tó lè rí i ni.

Mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá iṣẹ́ kankan wà tí wọn ò rí mọ́, tí kò padà wá. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ìboríadé ọdún tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ búra pé òun dà á sí i. Mo ti bínú sí i lórí ẹ̀.”

Irọ́lẹ́ ọjọ́ kan náà: wíwá ohun tó wà lábẹ́

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fún ẹlòmíì kà dáadáa, torí ó ṣeé ṣe láìyọ díráìfù kankan. Ẹ so gbòǹgbò ètò fáìlì (/) mọ́ ibòmíràn, díráìfù tó bo fódà kò ní tẹ̀lé e débẹ̀:

sudo mkdir /mnt/idi
sudo mount --bind / /mnt/idi
sudo du -sh /mnt/idi/srv/odun

Tí àbọ̀ bá jẹ́ ohun tó kéré gan-an, kò sí nǹkan lábẹ́. Tiwa ò kéré rárá. Ìdí tí SSD 120GB fi ń kún, tí ọ̀kan lára àwọn ará sítúdíò sì ti ń sọ pé kí wọ́n ra òmíràn, la rí yìí. Mo ṣí fódà náà: Ìboríadé wà níbẹ̀, odindi, pẹ̀lú orúkọ tí ọmọ iṣẹ́ fún un.

Mo pe ẹ̀gbọ́n wá wò ó kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wọ́n pe ọmọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wa. Mo kọ èyí sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ nítorí ara àtúnṣe ni: ẹ̀rọ tí a kò tò dáadáa ti sọ ọmọlúàbí di aláìṣòótọ́ lójú ọ̀gá ẹ̀.

Kíkó o padà rọrùn. Mo so díráìfù 4TB mọ́ /srv/odun, mo sì fi rsync, àṣẹ tó ń da fáìlì kọ, da ohun tó wà lábẹ́ sórí ẹ̀ láìjẹ́ kó tẹ fáìlì kankan tó ti wà tẹ́lẹ̀ rẹ́:

sudo rsync -a --ignore-existing /mnt/idi/srv/odun/ /srv/odun/

Lẹ́yìn náà mo fi rsync -anci ṣe àyẹ̀wò láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́tà n kì í jẹ́ kó da nǹkan kan kọ, i ń jẹ́ kó dárúkọ fáìlì tó bá yàtọ̀, c sì ń jẹ́ kó ka inú fáìlì kọ̀ọ̀kan pátápátá dípò kó wo ọjọ́ àti ìwọ̀n nìkan. Ó pẹ́. Kò yọ fáìlì kankan jáde bí èyí tó yàtọ̀, mo sì pa èyí tó wà lábẹ́ rẹ́. Ẹ má kánjú lórí ibi àyẹ̀wò yìí. Ẹ lọ jẹun kí ẹ padà wá bá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ara díráìfù kí a tó kọ ìlà

N kì í kọ ìlà kankan fún díráìfù tí n kò tíì yẹ̀ wò. smartctl -a ń fi hàn bóyá ojú irin ti ń jẹ: nọ́ńbà 5 àti 197 nínú àtẹ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, àwọn apá tí díráìfù ti fi òmíràn rọ́pò àti àwọn tó ń dúró de ìdájọ́. Òdo ni méjèèjì lórí 4TB àti 2TB. Ṣùgbọ́n 199 ga lórí 4TB. Àṣìṣe ojú ọ̀nà ni nọ́ńbà yẹn ń kà, láàárín díráìfù àti bọ́ọ̀dù, kébù ló sì sábà máa ń fà á. Kébù SATA ibẹ̀ ti ká ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pàrọ̀ ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í lọ sílẹ̀ mọ́. Kó má gòkè sí i ni èèyàn ń fẹ́.

Mo tún ṣe ohun kékeré kan. Bí wọ́n bá to ext4 láìsọ nǹkan kan, ó ń fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún root, ẹni tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ. Lórí díráìfù tó gbé Linux, ó wúlò, nítorí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ há pátápátá bó bá kún. Lórí 4TB tó jẹ́ fáìlì nìkan ló wà níbẹ̀, 200GB ló lọ lásán. sudo tune2fs -m 0 lórí ẹ̀ dá àyè yẹn padà lójú ẹsẹ̀ láìba fáìlì kankan jẹ́.

Ti NTFS gba sùúrù. Windows tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Fast Startup, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà yẹn, kì í kú tán. Apá kan ń sùn ni, díráìfù sì ń jẹ́ ohun tí a kò tì dáadáa. ntfs3, tó ti wà nínú kánẹ́ẹ̀lì láti 5.15 ní 2021, kọ̀ láti ṣí irú ẹ̀ fún kíkọ. Àwọn kan á ní kí a fi ntfsfix nu àmì “a kò tì í dáadáa” yẹn kúrò. Mi ò gbà fún iṣẹ́ oníṣẹ́: ó ń nu àmì, kì í tún ìdí ẹ̀ ṣe bó ṣe yẹ. Mo gbé díráìfù náà lọ sára kọ̀ǹpútà Windows kan, mo ṣe chkdsk /f, àyẹ̀wò díráìfù ti Windows, fún un, mo fi powercfg /h off pa Fast Startup níbẹ̀, mo sì pa ẹ̀rọ yẹn pátápátá kí n tó yọ ọ́.

Ọjọ́rú: àwọn ìlà tuntun

lsblk -f ń fi UUID díráìfù kọ̀ọ̀kan hàn, orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ nígbà tí wọ́n tò ó. Bí ẹ bá gbé díráìfù lọ sí ojú mìíràn lórí bọ́ọ̀dù, tàbí sára ẹ̀rọ mìíràn pátápátá, kò ní yí padà àyàfi tí ẹ bá tún un tò. Mo kọ́kọ́ da fstab kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà mo kọ àwọn wọ̀nyí (mo ti yí UUID inú wọn padà, ti yín ni kí ẹ kọ síbẹ̀):

UUID=6f1c2a90-3b7e-4d15-9a42-0c8be51d7f36  /srv/odun  ext4  defaults,noatime,nofail,x-systemd.device-timeout=30s  0  2
UUID=5A3C1E7B3C1E5A3D  /srv/igbeyawo  ntfs3  uid=1000,gid=1000,umask=022,noatime,nofail,x-systemd.device-timeout=30s  0  0
UUID=b20d94e7-81fa-4c6b-a5d3-77e10f3c9a58  /srv/ipamo  ext4  noauto,noatime  0  0

Mi ò fi àmì sórí orúkọ fódà, kí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù èyíkéyìí.

Mo fi nofail sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láìsí i, bí díráìfù kan ò bá yọjú, systemd á dúró fún 90 ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà á sọ ẹ̀rọ sí ipò pàjáwìrì, á máa dúró de ẹni tó máa wá tẹ nǹkan. Ètò tí wọ́n ṣe sínú BIOS, ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ, ni pé bí iná bá dé, kí kọ̀ǹpútà yìí tan ara ẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Tí ó bá há sípò pàjáwìrì láago mẹ́rin òru, ìgbéyàwó tí wọ́n ní láti gé lọ́jọ́ yẹn náà há nìyẹn. Kó tàn ló dáa. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kó má parọ́.

30s nínú ìlà ń dín ìdúró yẹn kù. Mi ò dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ torí díráìfù ńlá tó ń yí ń lo àsìkò díẹ̀ kó tó dúró ṣinṣin, pàápàá tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà ń sọ ètò àyẹ̀wò fsck: 1 jẹ́ ti gbòǹgbò, 2 jẹ́ ti àwọn ext4 yòókù, 0 túmọ̀ sí kó má yẹ̀ ẹ́ wò. NTFS ń jẹ́ 0 nítorí Linux ò ní fsck gidi fún un. uid àti gid wà níbẹ̀ torí láìsí wọn, root ni gbogbo fáìlì inú ẹ̀ á máa jẹ́ tiẹ̀.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ni mo dájú pé kò yẹ kó so fúnra ẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì kọ́kọ́ bá mi jiyàn lórí ẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀ máa jí pọ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹni kan bá ṣèèṣì pa fódà kan rẹ́ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀yin ò fẹ́ kí ẹ̀dà kejì wà nítòsí ọwọ́ ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣe ìpamọ́ nìkan ni kó ṣí.” Wọ́n gbà. Ìdí tí noauto fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo kọ àṣẹ kékeré kan fún wọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, && sì ni ọkàn ẹ̀: bí mount ò bá yọrí sí rere, rsync ò ní bẹ̀rẹ̀ rárá.

mount /srv/ipamo && rsync -a /srv/odun/ /srv/ipamo/odun/ && umount /srv/ipamo

Títi fódà tó ṣófo

Ọ̀rọ̀ UUID ló wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ni ní fstab, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kébù á tú, tàbí díráìfù á kú, UUID ò sì ní dá ọmọ iṣẹ́ dúró kó má da káàdì sínú fódà òfìfo. Nítorí náà mo yọ àwọn díráìfù kúrò lójú fódà, mo sì ti fódà lásán náà pa:

sudo umount /srv/odun /srv/igbeyawo
sudo chattr +i /srv/odun /srv/igbeyawo /srv/ipamo

Lẹ́yìn èyí, root pàápàá ò lè dá fáìlì kankan sínú wọn nígbà tí wọ́n ṣófo. Tí díráìfù bá so mọ́ wọn, kò dí i lọ́wọ́: ojú díráìfù lèèyàn ń rí nígbà yẹn, kíkọ nǹkan sí i sì ń lọ bó ṣe yẹ. Tí kò bá so, ẹni tó bá gbìyànjú láti da fídíò síbẹ̀ á rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀, á sì kígbe. Igbe yẹn gan-an ni mo ń wá.

Mo tún fi ìlà kan kún ti Samba. sudo systemctl edit smbd ṣí ojú ìwé kan, mo sì kọ síbẹ̀:

[Unit]
RequiresMountsFor=/srv/odun

Samba ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́ tí díráìfù ọdún Ọ̀ṣun ò bá tíì so. nofail ló jẹ́ kí èyí di dandan, torí ó gba systemd láyè láti tan àwọn iṣẹ́ mìíràn láìdúró de díráìfù. Ẹ̀gbọ́n ló yàn án pé kí àwọn kọ̀ǹpútà tó kù má rí ohunkóhun rárá ju kí wọ́n rí fódà òfìfo lọ.

Àyẹ̀wò

sudo findmnt --verify ka fstab, ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́. sudo systemctl daemon-reload jẹ́ kí systemd gba àwọn ìlà tuntun. sudo mount -a so wọn. Gbogbo ẹ̀ lọ geere.

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì pàrọ̀ kébù àwọn díráìfù méjèèjì lórí bọ́ọ̀dù. Nígbà tó tàn, lsblk fi hàn pé sdb ti di sdc, sdc sì ti di sdb, ṣùgbọ́n ọdún Ọ̀ṣun wà ní /srv/odun, ìgbéyàwó sì wà ní /srv/igbeyawo. Mo tún pa á, mo yọ kébù 4TB pátápátá. Ẹ̀rọ tàn. Samba dúró, ó dúró, ó sì kọ̀. Àṣẹ systemctl status smbd sọ pé ohun tó gbára lé ò sí. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ gbìyànjú láti da fáìlì sínú /srv/odun láti orí ẹ̀rọ yẹn. Wọn ò gbà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti sọ ọ́ fún mi lójú ara mi.”

A dá kébù padà. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n lọ fa iná kúrò lára ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, torí ohun tí ojú wọn ń rí níbẹ̀ nìyẹn. Iná padà, ẹ̀rọ tan ara ẹ̀, ext4 ka jọ́nà ẹ̀ (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí kò tíì parí) padà láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn fódà méjèèjì so, Samba tẹ̀lé wọn. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan.

Ohun tó kù ni ti NTFS. Tí wọ́n bá ti ra díráìfù mìíràn, mo fẹ́ kó gbogbo ìgbéyàwó yẹn kúrò lórí ẹ̀ sórí ext4, kí iná tó bá lọ lójijì má máa fi í sílẹ̀ ní ipò tí Linux ò lè tún ṣe. Ìlà ẹ̀ ti wà nínú ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú àwọn UUID gidi àti àṣẹ chattr -i tí ẹni tó bá fẹ́ pa fódà náà dà máa kọ́kọ́ lò.